Ìwé owó orí ₦4,120,000 dé ilé-ìwé mi: lọ́yà ni mo máa gbà ni, àbí akáùntáǹtì?

Ìyá_Ilé-ìwé · 13 October 2025, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di àwàdà, oorun ò kun ojú mi mọ́.

Mo ní ilé-ìwé jẹ́léósinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan lápá Ọbáǹtoko. Orúkọ òwò lásán ni mo fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kì í ṣe kọ́ńpìnnì. Òṣìṣẹ́ 14 ni gbogbo wa, a ti ka hẹdimísírẹ́sì mọ́ ọn. Nínú oṣù August, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní họlidé, àwọn ọ́dítọ̀ owó orí mú lẹ́tà wá pé kí n kó ìwé owó oṣù ọdún 2020 sí 2024 sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Mègáàdì nìkan ni wọ́n bá, ó sì ti lẹ́tà ọ̀hún bọ abẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Kí a tó wọlé ní September, àwọn ti parí ìṣirò tiwọn. Ìwé kejì ni mo fọwọ́ ara mi gbà ní September 24. September 22 ni ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀.

Ojú ewé mẹ́ta ni, wọ́n fi pín-ìn-nì gún un pọ̀, òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò wà nísàlẹ̀. “Best of Judgment” ni wọ́n kọ gàdàgbà sókè, ìyẹn iye tí àwọn fúnra wọn fojú bù. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ 20 ni mo ní, pé ₦60,000 ni mo ń san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, fún ọdún márùn-ún gbáko. Wọ́n ní PAYE, ìyẹn owó orí tó yẹ kí n máa yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, tí mo jẹ lórí ìyẹn jẹ́ ₦2,936,000. Wọ́n tún fi ₦300,000 lé e, pé mi ò yọ owó orí kúrò nínú rẹ́ǹtì tí mo ń san fún onílé. Owó ìjìyà àti èlé ló gbé gbogbo rẹ̀ dé ₦4,120,000.

Ta ni mo ń san ₦60,000 fún? Hẹdimísírẹ́sì pàápàá, ₦55,000 ló ń gbà. Méjì ń gba ₦40,000. Àwọn 11 tó kù wà láàárín ₦22,000 sí ₦28,000.

Lọ́yà kan ní Òkè-Ìlewó ní kí n mú ₦600,000 wá kí òun tó ṣí fáìlì. Akáùntáǹtì tó ń bá ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe ìwé ní iṣẹ́ òun ni, pé kí ni lọ́yà fẹ́ wá ṣe níbẹ̀. Àbúrò mi ní kí n kàn lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ_Kútọ̀ · 8:31 alẹ́

Mọ̀mí, ẹ wá ẹni tó mọ ẹnìkan níbẹ̀. Ẹ fún un ní ₦800,000 lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tán. Lọ́yà kẹ̀?

Bàbá_Pẹ́ńṣàn · 8:50 alẹ́

Ẹ má gbọ́ ti ọmọ yìí o. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì, ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo sì wà. Owó tí ẹ bá fi sọ́wọ́ ẹnì kan kì í dé àpò ìjọba, gbèsè yín á ṣì máa jókòó lórí kọ̀ǹpútà. Lọ́dún méjì sí i, wọ́n á gbé ẹlòmíràn wá sórí tábìlì yẹn, á ṣí fáìlì yín, á bá ₦4,120,000 níbẹ̀ pẹ̀lú èlé tuntun. Ta lẹ máa wá mú nígbà náà? Ẹni tó gba owó náà á ní òun ò mọ̀ yín rí.

Ẹni tó bá máa san owó orí, àkáǹtì ìjọba ni kó san án sí, kó sì gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà.

Lọ́yà_Ìbarà · 9:22 alẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Lọ́yà ni mí, ṣùgbọ́n mi ò wá polówó ọjà síbí.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọjọ́ tí ìwé náà tẹ̀ yín lọ́wọ́ ló jẹ mí lógún jù. Òfin owó orí ẹni kọ̀ọ̀kan, èyí tí gbogbo ìpínlẹ̀ lò fún ọdún 2020 sí 2024 yín, fún yín ní ọjọ́ 30 láti kọ̀wé pé ẹ ò fara mọ́ iye tí wọ́n bù fún yín. Kíkọ ni o. Ẹ lè pe fóònù, ẹ lè lọ jókòó sọ́fíìsì wọn, ẹ lè sunkún níwájú ọ̀gá, kò sí èyí tó dá ọjọ́ 30 yẹn dúró nínú wọn. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsí ìwé, iye tó wà níbẹ̀ di èyí tí òfin kà sí àṣepari. Bí irọ́ pátápátá tilẹ̀ kún inú ìṣirò ọ̀hún, ẹ ti jẹ gbèsè rẹ̀ nìyẹn.

September 24 lẹ gbà á. Òṣìkà ìṣirò lè máa kà á láti ọjọ́ tó wà lórí ìwé, ìyẹn September 22. Nítorí náà, ẹ gbàgbé October 24, ẹ jẹ́ kí ìwé yín wọlé ṣáájú October 22. Ẹni yòówù tó bá máa bá yín kọ ọ́, lọ́yà ni o, akáùntáǹtì ni o, àbí ẹ̀yin fúnra yín, ẹ ti ní ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ péré.

Ẹ̀bẹ̀ tí àbúrò yín ń sọ, ó ní àyè tirẹ̀. Tí a bá ti mọ iye tí ẹ jẹ lóòótọ́, ẹ lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìwé àtakò. Ẹni tó bá kọ̀wé pé “ẹ ṣàánú mi, mi ò lè san án tán lẹ́ẹ̀kan”, ó ti gbà pé òun jẹ ẹ́ nìyẹn.

Aláàdìrẹ_Ìtòkú · 9:47 alẹ́

Mà, ẹ yáa gbọ́ ti lọ́yà yẹn. Ẹ̀gbọ́n kan tí ṣọ́ọ̀bù wa kọjú síra ní Ìtòkú gba irú ìwé yẹn, ó ní àwọn agbowó-orí kàn ń dẹ́rù ba ènìyàn ni. Ọjọ́ tí wọ́n dé, ó ń ka aṣọ fún oníbàárà kan tó ti Èkó wá. Wọn ò pariwo rárá. Wọ́n na ìwé kan sí i, wọ́n ní kó sin oníbàárà rẹ̀ jáde, wọ́n fa ilẹ̀kùn dé, wọ́n fi àgádágodo tiwọn kọ́ ọ, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn lára. Bọ́ńdù aṣọ tó ti kà sílẹ̀ wà nílẹ̀ gbalaja nínú, ẹ ń rí i láti ojú fèrèsé. Lọ́yà tí a sáré pè ka ìwé náà, ó ní adájọ́ ti fọwọ́ sí i, pé ó ti pẹ́ jù láti máa jiyàn iye. Bí wọ́n á ṣe máa san án lóṣooṣù ló lọ bá wọn sọ.

Ọmọ_Lísàbí · 10:05 alẹ́

Ìlú tó ja ogun Adùbí lọ́dún 1918 tìtorí owó orí! Ìlú tí àwọn ìyá wa tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ síwájú ààfin Aláké ní 1947, tí Ọba Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀ ní 1948! Ìlú yẹn náà lẹ wá ń kọ́ ní ìwé àtakò ọlọ́jọ́ 30?

Bàbá_Pẹ́ńṣàn · 10:11 alẹ́

Àwọn ìyá yẹn gan-an kọ ìwé ẹ̀sùn lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó jáde síta, ọmọ Lísàbí. Lọ sùn.

Oníbúlọ́ọ̀kù_Láfẹ́nwá · 10:26 alẹ́

Ẹ̀yin lọ́yà, ṣé wọ́n lágbára láti kọ́ àgádágodo sí ṣọ́ọ̀bù ènìyàn láìpè é lẹ́jọ́? Wọ́n tún ní òfin tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ti pa gbogbo gbèsè àtijọ́ rẹ́. Èmi náà ní ìwé kan nílé, láti 2014 ni wọ́n ti ń kà á bọ̀ fún mi.

Lọ́yà_Ìbarà · 10:58 alẹ́

Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n lágbára láti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, ṣùgbọ́n òfin to nǹkan síwájú rẹ̀. Iye náà gbọ́dọ̀ ti di àṣepari, ìyẹn ni pé ọjọ́ àtakò ti kọjá tàbí ẹjọ́ rẹ̀ ti tán. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti fún ènìyàn ní ìwé tó ní kó wá san án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Adájọ́ lè fọwọ́ sí i láìpe ẹni náà rárá, ibẹ̀ ló ti ń dà bí ẹni pé wọ́n kàn ṣàdédé dé. Tí wọ́n bá kó ẹrù, ọjọ́ 14 ni wọ́n máa fi pa á mọ́ kí wọ́n tó lè tà á. Ilé àti ilẹ̀, wọn ò lè tà á láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ tún pàṣẹ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí lọ́yà yóò bi wọ́n lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni “Ìwé àṣẹ adájọ́ dà?” Bí kò bá sí, ọ̀rọ̀ á yí padà níbẹ̀.

Ti báńkì náà rí bẹ́ẹ̀. Ní 2018, ọ̀pọ̀ oníṣòwò jí láàárọ̀ wọ́n bá àkáǹtì wọn ní títì, ọ́fíìsì owó orí ìjọba àpapọ̀ ló kọ̀wé sí báńkì. Ẹnì kan gbé e lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Warri, ilé ẹjọ́ sì dá a ní 2019 pé wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí wọn ò tíì bu owó orí fún, tí wọn ò sì tíì fún níwèé.

Ti òfin tuntun: June 26, 2025 ni Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí i, January 1, 2026 ni ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò pa gbèsè kankan rẹ́. Láti 2026 lọ, ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá gbà lọ́dún kò ní owó orí nínú, ìròyìn ayọ̀ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n owó orí 2020 sí 2024, òfin àtijọ́ ni wọ́n á fi ṣírò rẹ̀.

Ti 2014 tiyín: ọdún mẹ́fà ni òfin fún wọn láti padà wá bu owó orí fún ọdún tó ti lọ, àyàfi tí wọ́n bá fẹ̀sùn jìbìtì kàn yín, tàbí pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ ni, tàbí pé ẹ ṣe àìbìkítà. Ẹ mú ìwé yẹn tọ lọ́yà lọ. Kì í ṣe akáùntáǹtì ló máa bá yín jà lórí ọdún tó ti kú.

Akáùntáǹtì_Pánṣẹ́kẹ́ · 14 October 2025, 6:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, mà. Mo wà nínú CITN, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ owó orí ní Nàìjíríà, owó orí ni mo ń ṣe jẹun. Ọ̀gbẹ́ni lọ́yà sọ òótọ́ lórí ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tiyín yìí, inú ìṣirò ni ẹ ti máa jàre, kì í ṣe inú gírámà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. ₦60,000 lóṣù jẹ́ ₦720,000 lọ́dún. Tí a bá yọ àwọn ẹ̀tọ́ tó yẹ kí a yọ, owó orí rẹ̀ á jẹ́ ₦29,360 fún ẹnì kan. Wọ́n fi 20 sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n tún fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ₦2,936,000 nìyẹn. Ìṣirò wọn péye. Ènìyàn tí wọ́n kà àti owó oṣù tí wọ́n fi sí i ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọn ò wò rèé, mo sì fẹ́ kí gbogbo oní-ilé-ìwé tó wà níbí ka ìlà yìí dáadáa. Láti January 1, 2021, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ là kalẹ̀, kò sí owó orí lórí rẹ̀ rárá. ₦30,000 ni iye yẹn nígbà náà. Ó di ₦70,000 ní July 2024. Tíṣà yín 11 tí kò gba ju ₦28,000 lọ, òdo ni owó orí wọn láti 2021 dé 2024. Ọdún 2020 nìkan ni wọ́n máa san nǹkan, ẹni tó ń gba ₦28,000 kò sì ní ju ₦4,816 lọ fún odidi ọdún yẹn.

Àwọn mẹ́ta tó kù: ₦24,080 lọ́dún fún hẹdimísírẹ́sì, ₦12,880 fún ìkọ̀ọ̀kan àwọn tó ń gba ₦40,000. Ìyẹn ₦49,840 lọ́dún. Nígbà tí iye ìjọba sì ti di ₦70,000 ní July 2024, àwọn mẹ́ta yìí náà bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, PAYE ọdún márùn-ún yín kò tó ₦300,000. Ẹ fi wé ₦2,936,000.

Ti rẹ́ǹtì, ẹ ò lè sá fún un. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí ẹ máa yọ kí ẹ tó san fún onílé. ₦300,000 lọ́dún márùn-ún túmọ̀ sí pé ₦600,000 ni wọ́n rò pé ẹ ń san lọ́dún. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá_Ilé-ìwé · 14 October, 7:15 àárọ̀

Ọlọ́run ó bù kún yín, ẹ̀gbọ́n. Mo ka ti ₦30,000 yẹn, mo dìde jókòó. Rẹ́ǹtì jẹ́ ₦600,000 lóòótọ́ láti 2022. ₦400,000 ni ní 2020 àti 2021, rìsíìtì onílé wà.

Tíṣà_Àdátán · 7:33 àárọ̀

Gbogbo yín ń yọ̀. ₦22,000 fún tíṣà tó jókòó ti ọmọ 30 láti aago méje àárọ̀! Ojú ò ti ẹnikẹ́ni níbí?

Ìyá_Ilé-ìwé · 7:41 àárọ̀

Àǹtí, iye tí òbí ń san fún mi lórí ọmọ kan ní tááàmù, ẹ wá wò ó kí ẹ tó bú mi.

Akáùntáǹtì_Pánṣẹ́kẹ́ · 7:50 àárọ̀

Àǹtí Tíṣà, inú yín lè bàjẹ́, mi ò dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù tó kéré jù ọ̀hún kò mú ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25.

Alábòójútó · 8:02 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ owó oṣù tíṣà tó gbé yàrá tirẹ̀. Ẹ lọ ṣí òmíràn. Níbí, owó orí ni a wà.

Lọ́yà_Ìbarà · 9:10 àárọ̀

Ìṣirò ẹ̀gbọ́n Pánṣẹ́kẹ́ dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, kí inú má bí yín o. Ohun tí mà bá sọ fún akáùntáǹtì, òfin lè fà á jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ fún lọ́yà wọn tìtorí iṣẹ́ tó ń bá wọn ṣe, òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ní lọ́yà kò gbọdọ̀ tú u síta láìjẹ́ pé oníbàárà rẹ̀ yọ̀ǹda, àyàfi tí ó bá jẹ́ pé ìwà ọ̀daràn ni wọ́n ń pète. Ibi tí èyí ti wúlò ni tí ọ̀rọ̀ bá kúrò ní ọ́dìtì lásán tó di ìwádìí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ orí ìwé yín. Tí ẹ bá rí “investigation” níbẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ń bèèrè ọ̀rọ̀ nípa ìwé onírọ́, lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó la ẹnu fún ẹnikẹ́ni.

Akáùntáǹtì_Pánṣẹ́kẹ́ · 9:25 àárọ̀

Inú ò bí mi, lọ́yà. Òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ “Best of Judgment” ni tiwọn, ẹni tí wọn ò rí ìwé rẹ̀ ni wọ́n ń fún nírú ìyẹn. Ẹ má dẹ́rù ba ìyá oníyàá. Mo ti rí ibi tí lọ́yà kọ ojú ewé mẹ́sàn-án ránṣẹ́ sí wọn, ẹjọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kún inú rẹ̀ bámúbámú, kò sì sí iye kan ṣoṣo níbẹ̀ tó sọ ohun tí oníbàárà rẹ̀ gbà pé òun jẹ. Wọ́n dá a padà fún un.

Lọ́yà_Ìbarà · 9:31 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ti rí ibi tí akáùntáǹtì jókòó ṣèpàdé títí ọjọ́ 30 fi kọjá, nítorí pé “ọ̀gá níbẹ̀ ní kí a má ṣèyọnu”. Ká fi mọ síbẹ̀ 😄

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Dallas · 14 October, 2:17 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ará ilé. Níbí, ní Amẹ́ríkà, ẹni mẹ́ta ló lẹ́tọ̀ọ́ dáadáa láti dúró fún ènìyàn níwájú IRS, ọ́fíìsì owó orí ìjọba àpapọ̀ níbí: lọ́yà, CPA (akáùntáǹtì tó ní ìwé àṣẹ), àti ẹni tí wọ́n ń pè ní enrolled agent, ìyẹn ẹni tí IRS fúnra rẹ̀ fún ní ìwé àṣẹ lẹ́yìn ìdánwò. Fọ́ọ̀mù 2848 lẹ máa bu ọwọ́ lù kí wọ́n tó lè bá a sọ̀rọ̀ yín. Tí ìwé àìpé owó orí bá dé, ọjọ́ 90 lẹ ní láti gbé e lọ sí Tax Court, ilé ẹjọ́ yẹn ò sì ní kí ẹ kọ́kọ́ san án.

Ohun tó pọ̀ jù níbí ni àwọn oníkéde orí rédíò: “ẹ jẹ IRS ní $50,000? A ó bá yín parí rẹ̀ sí owó kékeré!” Ètò ìdúnàádúrà wà lóòótọ́, òun ni wọ́n ń pè ní Offer in Compromise, ṣùgbọ́n IRS máa ń wo ohun ìní àti owó tó ń wọlé fún ènìyàn kí ó tó gbà. Àwọn oníkéde yìí á gba $5,000, wọ́n á kọ ìwé fún ẹni tí wọ́n mọ̀ pé kò kúnjú òṣùwọ̀n. IRS gan-an ń kìlọ̀ nípa wọn lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ṣèlérí iye tó máa dín kù kí ó tó rí ìwé yín, ẹ sá fún un, ì báà jẹ́ Dallas, ì báà jẹ́ Òkè-Ìlewó.

Ọmọ_Kútọ̀ · 2:30 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà náà ń jẹ gbèsè owó orí? Ọkàn mi balẹ̀.

Ìyá_Ilé-ìwé · 15 October, 9:05 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni ẹ̀rí. Owó ọwọ́ ni mo fi ń san owó oṣù títí 2022, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ránṣẹ́. Ohun tí mo ní ni ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan, aláwọ̀ búlúù, tí tíṣà kọ̀ọ̀kan ń fọwọ́ sí lóṣooṣù. Omi ti kán sí ojú ewé ọdún 2020, àmọ́ ó ṣì ṣeé kà. Ṣé wọ́n á gba irú ìyẹn?

Akáùntáǹtì_Pánṣẹ́kẹ́ · 9:40 alẹ́

Wúrà lẹ dì mọ́wọ́ yẹn. Ẹ má tún un kọ o! Ẹ má ra ìwé tuntun kí ẹ wá jókòó da àtijọ́ kọ sínú rẹ̀, ojú ọ́dítọ̀ á rí i pé bírò kan náà ló kọ ọdún márùn-ún, ibẹ̀ ni ọ́dìtì ti máa di ìwádìí. Bó ṣe rí yẹn ni kí ẹ mú un wá. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé rẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kó jáde nílé.

Ẹ wá àwọn nǹkan tó máa jẹ́rìí sí i: lẹ́tà tí ẹ fi gba tíṣà kọ̀ọ̀kan síṣẹ́, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí láàárọ̀, fọ́ọ̀mù tí ẹ kó lọ sí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba nígbà tí wọ́n wá wo ilé-ìwé (iye tíṣà wà lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ ìjọba sì wà níbẹ̀), àti ìwé báńkì láti 2022. Fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò yẹn ló máa pa 20 di 14. Ìwé búlúù ló máa pa ₦60,000.

Bàbá_Pẹ́ńṣàn · 9:58 alẹ́

Kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà méjì ìwé àtakò náà. Ẹ̀dà tiyín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ “received” sí i, pẹ̀lú ọjọ́, orúkọ àti ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á. Tí wọ́n bá ní ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ ti lọ jẹun, ẹ jókòó dè é. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Aláàdìrẹ_Ìtòkú · 16 October, 7:12 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, iye wo ló tọ́ kí ènìyàn san fún irú iṣẹ́ yìí? ₦600,000 lórí gbèsè tí kò tó ₦600,000 kò yé mi.

Lọ́yà_Ìbarà · 8:20 àárọ̀

Mi ò lè dá iye lé ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Kíka ìwé àti títún ìwé àtakò ṣe, iye kan nìyẹn. Bíbá wọn ṣèpàdé, iye mìíràn. Lílọ sí Tax Appeal Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí, iye ọ̀tọ̀ ni, nítorí ti wa ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, Ìbàdàn ló ń jókòó sí. Ẹni tó bá ní kí ẹ san gbogbo rẹ̀ lónìí, ẹ ní kó kọ ohun tó máa ṣe sílẹ̀. Ìyá wa kò tíì nílò Ìbàdàn. Tiwọn lè parí sórí tábìlì.

Kí ẹ sì wo ìwé ẹni tó ń dúró fún yín. Lọ́yà gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, lórí ìwé tó bá kọ. Ẹni tó bá ní CITN ni òun, ẹ bèèrè nọ́ńbà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ fún un ní lẹ́tà àṣẹ tí ẹ bu ọwọ́ lù, tó sọ ọdún àti irú owó orí tó lè bá wọn sọ. Ẹ má fún un ní àṣẹ gbogbogbòò.

Ìyá_Ilé-ìwé · 20 October, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ bá mi dúpẹ́. Ìwé ti wọlé lónìí, òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀dà tèmi. (Bàbá, ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ ti lọ jẹun lóòótọ́. Mo jókòó dè é.)

Akáùntáǹtì kan tó wà ní CITN ló bá mi ṣe é, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́yà kan kà á lẹ́yìn rẹ̀, ₦70,000 ló gbà. Ó yọ gbólóhùn kan tí mo fúnra mi kọ sí i, “a mọ̀ pé a jẹ gbèsè”, ó fi “iye tí a gbà pé a jẹ ni” rọ́pò rẹ̀, ó sì kọ iye náà gan-an síbẹ̀. Ìwé búlúù lọ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀dà ni o, ojúlówó wà nílé. A san iye tí a gbà pé a jẹ lórí PAYE lọ́jọ́ náà gan-an, rìsíìtì sì wà lẹ́yìn ìwé. Lọ́yà ní bí a bá ti san èyí tí a kò jiyàn lé lórí, èyí tó kù gbọ́dọ̀ dúró títí wọ́n á fi dá wa lóhùn.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ bèèrè: ₦300,000 rẹ́ǹtì. Ṣé èmi ni mo máa gbé e lórí nígbà tí onílé ti gba owó rẹ̀ ní pípé?

Akáùntáǹtì_Pánṣẹ́kẹ́ · 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣe dáadáa. Owó orí onílé ni owó yẹn jẹ́, ẹ̀yin ni òfin kàn fi ṣe akápò. Lákọ̀ọ́kọ́, pẹ̀lú rìsíìtì ₦400,000 yín ti 2020 àti 2021, kì í ṣe ₦300,000 mọ́, ₦260,000 ni. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá onílé pẹ̀lú sùúrù. Bí ó bá ti san owó orí lórí owó rẹ́ǹtì yẹn fúnra rẹ̀, tí ó sì ní tax clearance, ìwé ẹ̀rí pé ó ti san owó orí, fún àwọn ọdún náà, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, a ó fi bèèrè pé kí wọ́n má gba owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá san, ẹ jọ jíròrò bí ẹ ó ṣe yọ ọ́ nínú rẹ́ǹtì tó ń bọ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa yọ ọ́ kí ẹ tó san, kí ẹ sì fún un ní rìsíìtì ìjọba.

Ìyá_Ilé-ìwé · 5:44 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ò mọ onílé mi.

Ọmọ_Lísàbí · 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ìyá, ẹ jẹ́ ká yí ilé onílé po 😂

Ìyá_Ilé-ìwé · 31 October, 12:20 ọ̀sán

Wọ́n ti fèsì. Wọ́n pè wá sí ìpàdé láti fi ìwé wa wé tiwọn ní Thursday, November 6, pé kí a mú ojúlówó ìwé wá. Lẹ́tà náà kò sọ iye mìíràn. Ṣé ó yẹ kí n mú lọ́yà lọ?

Lọ́yà_Ìbarà · 1:02 ọ̀sán

Rárá. Akáùntáǹtì yín àti ẹ̀yin tó. Lọ́yà lórí tábìlì yẹn lè mú kí ọkàn wọn le. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ má bu ọwọ́ lu ìwé kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá kọ àdéhùn sílẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ kà á nílé. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìwé pé àwọn kò yí iye padà. Ọjọ́ tí ìwé yẹn bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ọjọ́ 30 mìíràn ló bẹ̀rẹ̀, ti Ìbàdàn nìyẹn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ pe lọ́yà.

Akáùntáǹtì_Pánṣẹ́kẹ́ · 1:15 ọ̀sán

Ẹ fi ìwé búlúù sínú ọ̀rá kí omi tún má kán sí i. Kí hẹdimísírẹ́sì bá yín lọ, òun ló mọ ìbuwọ́lù gbogbo tíṣà tó ti kúrò. Ẹ sì tẹ ìwé báńkì 2022 àti 2023 jáde lónìí, nítorí báńkì máa ń kún ní ìparí oṣù.